Kálímà Tí Àlájì Ṣíttù Fi Sí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Lẹ́nu

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá wa ní oríṣiríṣi, tó sì mọ ohun tó wà nínú ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láì ṣẹ̀ṣẹ̀ bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó ń tọ ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀yin jàmọ́ọ̀, ẹ jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa lábẹ́ ìbòòji ọ̀hún, ẹ kú ìjókòó. Mo rí ẹ̀yin aládùúgbò wa onígbàgbọ́ tí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ kàn ń kọjá lọ. Ẹ má kọjá mọ́, ẹ sún mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gan-an ni.

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ mú lónìí kò gùn. Kí Mùsùlùmí pe ènìyàn sínú ẹ̀sìn rẹ̀, ojúṣe ni, ó sì ní làádá. Mi ò ní torí pé mo fẹ́ kí aládùúgbò yìn mí, kí n wá máa fi ẹ̀sìn mi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Láéláé! Ṣùgbọ́n ẹnu ara ẹni la fi ń pe ènìyàn, a kì í fi ẹnu ẹni ẹlẹ́ni dáhùn. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ẹni la fi ń kọ oúnjẹ lásán, ẹnu ta wá ni a ó fi gba ẹ̀sìn? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹnu ẹni náà ni! Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí ẹ wá gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan tó gbàgbé rẹ̀.

Ìlú kan wà ní Òkè-Ògùn. A ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ti rí ọmọ ibẹ̀ kan láàárín yín tó ń fa fìlà bojú. Fara balẹ̀, bùrọ̀dá, kì í ṣe ìwọ là ń bá wí.

Ahunṣọ kan ń gbé níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣíttù. Òfì ló ń hun, òfì rẹ̀ sì dára débi pé bí ìyàwó bá fẹ́ wọlé ọkọ ní gbogbo agbègbè náà, tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Kì í pa ìrun jẹ. Ààwẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Lídíà. Ìyá kan náà ló bí wọn, bàbá wọn ló yàtọ̀. Onígbàgbọ́ ni ọkọ tí ìyá wọn kọ́kọ́ fẹ́, òun ló bí Lídíà. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ìyá wọn fẹ́ bàbá Ṣíttù, tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ṣíttù kò tíì já lẹ́nu ọmú dáadáa tí ìyá náà fi kú. Ta ló pọ̀n ọ́n? Lídíà. Ta ló ń bọ́ ọ? Lídíà. Nígbà tó wá tó lọ ilé kéwú ńkọ́, ta ló ń mú un lọ? Lídíà kan náà ni o! Ọmọbìnrin tó ń wọ aṣọ funfun lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú ló ń fọ wàláà àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Á gbé wàláà náà lérí, á fa ọmọ náà lọ́wọ́, á sì dúró sí ìta títí wọn yóò fi ṣíwọ́. Àfáà a máa bá a ṣeré pé, "Lídíà, wá jókòó, kí ìwọ náà kéwú." Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ ṣeun, Àfáà. Mo ti ní tèmi nílé."

Ọjọ́ tí Ṣíttù ṣe wòlímọ̀, tí wọ́n wé láwàní fún un, tí wọ́n mú un yí ìlú ká, oòrùn ọjọ́ náà mú janjan. Ẹ mọ̀ pé a máa ń ṣí agboòrùn lé ọmọ wòlímọ̀ lórí. Lídíà ló di agboòrùn náà mú láti ilé Àfáà títí dé ojúde bàbá Ṣíttù. Oòrùn ń pa òun fúnra rẹ̀, kò bìkítà. Inú rẹ̀ dùn ju ti ẹni tó kéwú lọ.

Báyìí ni wọ́n dàgbà. Lídíà lọ́kọ, ó bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti Ṣíttù. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò kan wà tó jẹ́ pé ti Lídíà ni. Bí Kérésì bá dé, ẹ wo ohun tí Lídíà máa ń ṣe. Kì í pa adìyẹ ọdún rẹ̀ sílé. Yóò gbé e láàyè wá bá Ṣíttù, yóò fi oríkì rẹ̀ pè é, yóò ní, "Àjàó, gba ọ̀bẹ, fi bísímílà tìẹ dúḿbú ẹ̀, kí n lè rí ẹni bá mi jẹ ẹ́." Ṣíttù á dúḿbú adìyẹ, Lídíà á gbé e lọ sè, wọ́n á sì jọ jẹ ẹ́. Ta ló kọ́ obìnrin yìí ní ẹ̀kọ́ fíkì, òfin ẹ̀sìn wa? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn fẹ́ kí àbúrò òun jẹun ní ilé òun pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Ṣíttù lọ Mẹ́kà, ó di Àlájì. Ẹ sọ pé kí Ọlọ́hun gba hájì rẹ̀. Àmín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan bá a wọlé nígbà tó dé. Ó ń rí i bí wọ́n ṣe ń pariwo "Alláhù Akbar" fún ẹni tó bá mú ènìyàn wọ dìínì, bí Lèmọ́mù ṣe ń gbàdúà fún un láàárín jàmọ́ọ̀, tí gbogbo ojú ń wò ó. Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó sì tún wò ó pé òun fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n òun. Òótọ́ ni, ó fẹ́ràn rẹ̀! Bó bá ronú pé òun yóò wà ní àlùjánnà kí Lídíà má sí níbẹ̀, omi á lé sí i lójú. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìfẹ́ ìyìn náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì dàpọ̀ mọ́ra wọn débi pé kò mọ èyí tó ń ti òun.

Ó wá ń dé ilé Lídíà ní àárọ̀, "Ẹ̀gbọ́n mi, iná ń bẹ o." Ó ń dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń ṣòfò." Bí Lídíà bá ń kọrin níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, á fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Kérésì dé, Lídíà gbé adìyẹ wá bí ìṣe rẹ̀. Ṣíttù kò nawọ́ gba ọ̀bẹ. Ó ní, "Ẹ gbé e padà. Èmi ò ní lọ́wọ́ nínú ọdún kèfèrí mọ́."

Lídíà dúró pẹ̀lú adìyẹ lápá. Ó ní, "Àjàó, o ti sọ tìẹ, mo ti gbọ́. Mi ò bá ọ jà. Mo ń bọ̀wọ̀ fún tìẹ, fi tèmi sílẹ̀ fún mi." Ó gbé adìyẹ rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ṣé ẹnikẹ́ni ti kọ oúnjẹ yín rí? Ẹ mọ bó ṣe ń dùn wọ inú egungun.

Ọdún náà kò tíì jìnnà tí ibà gbé Lídíà dè. Ibà yẹn le. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò mọ ara rẹ̀ mọ́, ó ń pe ìyá wọn tó ti kú, ó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì. Ṣíttù sáré débẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ti jáde lọ ra oògùn, ó ku òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan. Ẹ̀rù bà á pé Lídíà ń lọ. Ó fẹnu mọ́ ọn létí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gba kálímà. Ẹ tẹ̀lé mi, ẹ sọ ọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Lídíà ń mi orí, ó sì ń kérora, "Hùn... hùn..." Ṣíttù bú sẹ́kún ayọ̀. Ó ní ó ti gbà! Ó ti gbà!

Ẹ̀yin jàmọ́ọ̀, kí ló gbà? Orí tí ibà ń mì ni ẹ̀rí? Ìkérora aláìsàn ni kálímà?

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Ṣíttù dìde lẹ́yìn ìrun, ó kéde pé ẹ̀gbọ́n òun ti gba Ìsìláàmù. Mọ́ṣáláṣí gbá yìì! Ṣùgbọ́n Lèmọ́mù wọn, àgbàlagbà tí kì í kánjú, gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àlájì, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́? Ṣé ojú rẹ̀ dá?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkàn Ṣíttù sọ fún un pé, sọ òótọ́. Ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó. Ó ní, "Ó sọ ọ́, Lèmọ́mù. Kedere báyìí."

Irọ́ nìyẹn. Nínú ilé Ọlọ́hun ló ti pa á, orúkọ Ọlọ́hun ló sì fi bò ó. Wọ́n pariwo, wọ́n gbàdúà, wọ́n sì sọ Lídíà ní Rámọ́tù lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kò mọ̀ pé òun ti gba orúkọ.

Ànábì wa ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbàgbé bó ṣe jókòó ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórí àìsàn ìkẹyìn? Ẹni tó tọ́ ọ, ẹni tó dáàbò bò ó. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà kò sọ ọ́. Ṣé Ànábì jáde wá sọ fún àwọn ènìyàn pé ó ti sọ ọ́? Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé Ànábì pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ rẹ̀ kò lè fi tipá la ọkàn ẹni tó fẹ́ràn, ta ni ìwọ Ṣíttù? Ta ni èmi tí mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání yìí?

Ọlọ́hun bá fún Lídíà ní ìlera. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e padà sílé, ó rí èrò lójúde rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró sí apá kan, wọ́n wá dúpẹ́ pé ó yè. Ní apá kejì ni àwọn ìyá ẹgbẹ́ àsàlátù wà, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, wọ́n ń kọrin kí Rámọ́tù káàbọ̀ sínú dìínì. Èyí ń kọ, tọ̀hún ń kọ, ohùn wọn ń kọlu ara wọn. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù bọ́ síwájú, ó da ìborùn funfun bo Lídíà lórí. Ó ní, "Rámọ́tù wa, ẹ kú oríire."

Lídíà rọra yọ ìborùn náà. Kò jù ú sílẹ̀ o, ó ká a dáadáa, ó fi lé ìyá náà lọ́wọ́ padà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ta ni Rámọ́tù?"

Orin dá. Gbogbo ojú yí sí Ṣíttù.

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń tú ká, àwọn ìyá àsàlátù ń wo ilẹ̀. Ìtìjú wọn kì í ṣe kékeré, wọn ò sì ṣẹ̀. Nígbà tó ku ọmọ ìyá méjèèjì àti Morẹ́nikẹ́, Lídíà jókòó sórí àpótí torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lágbára. Kò pariwo.

Ó ní, "Àjàó, mo pọ̀n ọ́. Mo fọ wàláà fún ọ. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ di onígbàgbọ́ nígbà náà, ta ni ì bá mú mi? O ò tíì mọ ọwọ́ òsì rẹ yàtọ̀ sí ọ̀tún. Mo lè fà ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà ilé kéwú ni mo mú ọ gbà, torí ibẹ̀ ni bàbá rẹ fẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ tìrẹ ń sáré lọ. Ìgbà tí èmi náà ò mọ ara mi, ìgbà yẹn ni o wá jí ẹnu mi lò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìfẹ́ ni."

"Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú lónìí ńkọ́? Ìlú ti gbọ́ pé Rámọ́tù ni mí. Ṣé wọ́n á máa fa òkú mi síhìn-ín sọ́hùn-ún ni, kí Morẹ́nikẹ́ máa bá wọn du ìyá ẹ̀? Lọ síbi tí o ti sọ ọ́, lọ tú u. Ọjọ́ tí o bá tú u ni kí o wọ ilé mi."

Nǹkan tó bèèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé Ṣíttù lọ? Kò lọ. Àlájì ńlá, kó dìde láàárín jàmọ́ọ̀ kó ní òun purọ́? Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Jímọ̀ tó ń bọ̀. Jímọ̀ náà á dé, á tún sún un síwájú. Ojú tó yẹ kó tì í lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ọ̀dọ̀ ènìyàn ló ti ń tì í. Iléyá dé, ó gé itan àgbò sọ́tọ̀ bí ìṣe rẹ̀, kò wá rí ẹsẹ̀ gbé e lọ. Kérésì dé, kò sí adìyẹ. Ó dun Ṣíttù. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, Lídíà nìkan ló kù fún un nínú ìlú, ó sì ti fi irọ́ mọ odi sáàárín àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ kan ni Ṣíttù jókòó sídìí òfì, tí ọ̀kọ̀ tó fi ń gbé òwú kọjá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, ọwọ́ kò gbé. Ó fẹ́ pariwo, ẹnu kò là. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn dókítà ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n sunkún, wọ́n sì ní láti padà sídìí iṣẹ́. Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ìgbà náà ni Lídíà wọlé. Ó ní, "Ẹ gbé e wá sílé mi."

Ó ti sọ pé Ṣíttù kò gbọ́dọ̀ wọ ilé òun. Wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá iwájú, níbi tí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri. Ṣíttù ń gbọ́ gbogbo nǹkan, ó ń rí gbogbo nǹkan, kò lè sọ ohunkóhun. Orí rẹ̀ kàn ń mì ṣáá, ó ń mì sókè, ó ń mì sílẹ̀, kò lè dá a dúró.

Ẹ gbé ara yín sípò rẹ̀. O wà nílé ẹni tí o fi ẹnu rẹ̀ purọ́. Ẹnu tìrẹ ti kú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè sọ ọ́ di ohunkóhun. Ẹ̀rù ń ba Ṣíttù ju ikú lọ. Nínú ọkàn rẹ̀ ló ti ń ké pe Ọlọ́hun, "Má jẹ́ kí wọ́n ṣe mí bí mo ti ṣe."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Lídíà wá kí aláìsàn, Ajíhìnrere wọn ló ṣáájú. Ọkùnrin náà nítara. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ má bínú, ẹ ní tiyín náà! Ẹ̀yin jàmọ́ọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín wọn, tiwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ yìí. Ajíhìnrere bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ṣíttù, ó ní, "Àlájì, ṣé ẹ gba Jésù ní Olúwa àti Olùgbàlà yín?"

Orí Ṣíttù ń mì sókè, ó ń mì sílẹ̀.

"Ó ti gbà!" ni Ajíhìnrere wí. "Ẹ̀yin ará, ẹ yin Olúwa! Ẹ bu omi wá, kí n ṣe ìrìbọmi fún un kí ọ̀tá tó yí i lọ́kàn padà."

Ṣíttù ń pariwo nínú, ariwo náà kò jáde. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Obìnrin kan ní, "Ẹ ò rí i? Omijé ìrònúpìwàdà ni!"

Ẹ̀yin ènìyàn, bí Lídíà bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ta ni yóò bi í? Ṣé ohun tó gbìn kọ́ ló ń ká? Ṣé kì í ṣe ìdájọ́ nìyẹn? Àwa tí a jókòó síbí, púpọ̀ nínú wa ì bá ti lọ bu omi náà wá, a ì bá tún fi ọṣẹ sí i!

Lídíà dìde. Ó dúró sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti Ajíhìnrere. Ó ní, "Ẹ dúró, sà. Orí tó ń mì yẹn, àìsàn ló ń mì í. Mo mọ orí tí àìsàn ń mì. Wọ́n ti fi tèmi ṣe é rí."

"Màmá, ẹ̀mí ni kẹ́ ẹ rò. Ẹ ò fẹ́ kó rí ìgbàlà?"

"Mo fẹ́ ẹ. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún un, ẹ̀yin náà ẹ gbàdúrà fún un, Ọlọ́run á gbọ́. Bó bá gbádùn, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ tiyín fún un, kó fi ẹnu ara ẹ̀ dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹnu ẹ̀ bá ṣì wà ní pípadé, èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò ní jí i lò nínú ilé yìí."

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Lídíà yí padà sí Ṣíttù, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Morẹ́nikẹ́, wọ́n di bẹ́ẹ̀dì náà mú lórí àti lẹ́sẹ̀, wọ́n yí i. Morẹ́nikẹ́ ní, "Màmi, kí lẹ̀ ń yí i sí?"

Lídíà ní, "Gábàsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọjú sí. Láti ìgbà tí mo ti ń dúró síta ilé kéwú ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Ó ránṣẹ́ pe Lèmọ́mù kó máa wá bá àbúrò òun kírun. Ó ra búta tuntun, òun fúnra rẹ̀ ló ń bu omi sí i, tó ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí Lèmọ́mù tó dé, tí yóò sì jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé títí wọn yóò fi ṣe tán. Ẹ sọ pé Sùbùhánallàhì! Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pọn omi àlùwàlá.

Oṣù ń gorí oṣù, ara ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló pẹ́ jù. Ṣíttù kò fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ahọ́n tó wúwo wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kiri: "Lí... Lí..." Àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè. Kì í ṣe pé ó ń pè é. Iṣẹ́ ló ń múra sílẹ̀ fún.

Nígbà tó tó àkókò lójú rẹ̀, ó mú ọ̀pá, ó gbọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀. Morẹ́nikẹ́ fẹ́ dì í mú, ó kọ̀. Lẹ́yìn ìrun ó dìde, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Lèmọ́mù ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ní, "Àlájì, ẹ jókòó, kí n bá yín sọ ọ́."

Ṣíttù mi orí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mímì orí yìí, tirẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹnu... tó sọ ọ́... ni yóò tú u." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi... kò gba kálímà. Mo purọ́. Lídíà ni. Lídíà... ni orúkọ rẹ̀. Bó bá kú... ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni yóò sin ín. Ẹ dárí jì mí."

Kò sí ariwo "Alláhù Akbar" lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Lèmọ́mù sọ̀kalẹ̀ wá, ó dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe lèmọ́mù, òun kò tíì rí ẹni tó fi ìgboyà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Lídíà ti gbọ́. Ó gbé oúnjẹ síwájú Ṣíttù, ó jókòó. Ó ní, "Àjàó, gbogbo ọdún tí o fi ń pariwo iná sí mi létí, o ò sọ nǹkan kan fún mi rí. Kí lò ń bá Ọlọ́run sọ tí o bá forí kanlẹ̀?"

Ṣíttù wò ó. Òótọ́ ni, kò sọ ọ́ fún un rí! Ó ti dẹ́rù bà á, ó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohun tó mú kí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀sìn rẹ̀, kò tíì fi ìgbà kan sọ ọ́. Ó wá ń sọ ọ́ fún un, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ahọ́n ṣe gbà á láyè. Ó ní bí òun bá forí kanlẹ̀, òun kì í ṣe Àlájì mọ́, òun kì í ṣe ahunṣọ pàtàkì, òun kàn jẹ́ ẹni tí Ọlọ́hun ń rí. Lídíà gbọ́ ọ títí dé òpin. Òun náà sọ tirẹ̀, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn bó bá ń kọrin níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ṣíttù náà gbọ́ ọ, kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo rí i lójú yín. Ohun tí ẹ fẹ́ bi mí ni pé, "Àfáà, ṣé Lídíà wá gba Ìsìláàmù nígbẹ̀yìn?" Ẹ̀yin náà! Kò gbà á. Inú ẹ̀sìn rẹ̀ ló wà títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé. Ṣíttù pè é pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, ó kọ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, adìyẹ Kérésì sì padà sídìí ọ̀bẹ Ṣíttù.

Nígbà tí Lídíà kú, kò sí ẹni tó fa òkú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó jẹ́ ìgbà òjò. Bí wọ́n ṣe gbé pósí jáde pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni òjò ṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn ènìyàn ń sá sábẹ́ àjà. Àlájì Ṣíttù bọ́ sáàárín ojúde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ṣí agboòrùn, ó nà án bo orí pósí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, òjò ń pa yín." Ó di agboòrùn náà mú láti ojúde Lídíà títí dé etí ibojì, òjò ń pa òun fúnra rẹ̀, kò bìkítà.

Ẹ̀yin jàmọ́ọ̀, ẹ lọ sílé. Bí ẹ bá ní aládùúgbò, ẹ sọ ẹ̀sìn yín fún un, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà yín kí ẹ tó fi ẹnu sọ ọ́. Bó bá gbà, ẹ dúpẹ́. Bó bá kọ̀, ẹ di agboòrùn rẹ̀ mú. Ọkàn rẹ̀ kì í ṣe oko yín, Ẹni tó ni ín mọ ọ̀nà ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì ti fi ẹnu ẹlòmíràn purọ́, kó dìde lọ tú u nígbà tí ahọ́n rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dúró de ọ̀pá.

Ọlọ́hun Ọba, Ìwọ tí O ń gbọ́ ti ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, fi hìdáyà Rẹ tọ́ wa sọ́nà. Fún wa ní ẹnu tí yóò sọ òtítọ́ Rẹ láìbẹ̀rù, àti etí tí yóò gbọ́ ti ẹnì kejì láìbínú. Ní ọjọ́ tí ẹnu wa bá kú, fi ẹni tó bẹ̀rù Rẹ ṣọ́ wa, kódà bí kò bá sí nínú sáàfù ìrun tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bí àdúà yìí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ bá wa ṣe Àmín. Bí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹnu yín ni, a ò ní bá yín ṣe é.

Àmín.